Ọ̀nà Irin, Ìkòkò Iná àti Degoichi: bí àwọn ará Japan ṣe ń sọ̀rọ̀ rélùwéè eléèéfín

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kí yín, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìyánjú, ẹ ṣé gan-an ni. Alága, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fún mi láyè.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè kọ́ èdè Japan kó sì mọ́ ọn lẹ́nu. Gírámà wà nínú ìwé, ẹ lè kà á nílé, mi ò ní kà á fún yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, nǹkan tí mo fẹ́ràn dénú eegun, kí n fi hàn yín bí èdè ṣe máa ń forí pamọ́ sínú nǹkan. Nǹkan yẹn ni rélùwéè. Rélùwéè eléèéfín gan-an, èyí tó máa ń fi èédú dáná, tó máa ń fọn fèrè, tó máa ń tú èéfín sókè bíi pé oko ń jó.

Ẹ jẹ́ n bi yín ná. Kí là ń pè é lédè wa? Ọkọ̀ ojú irin, àbí? Ẹ tún un sọ. Ojú irin. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ó dà bí orúkọ ara ẹni tí wọ́n ń pè láti kékeré. Àmọ́ ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹnì kan dúró, ó wo irin méjì tí wọ́n tẹ́ gbọọrọ gba inú igbó kọjá, ó ní ojú irin lọkọ̀ yìí ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Japan. Àwọn tó rí nǹkan yìí, tó gbọ́ ariwo ẹ̀, tí èéfín ẹ̀ kó sí lójú, tó fọwọ́ ara wọn dáná fún un, àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ, tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí orúkọ yẹn dáadáa ẹ ṣì máa bá wọn níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn, gbogbo ohun tó kù, àpẹẹrẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò ní Japan? Lọ́dún 1853, ọ̀gá ológun ojú omi kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Perry kó ọkọ̀ ojú omi dé ẹnu ọ̀nà ìlú wọn, àwọn kan nínú ọkọ̀ yẹn ń lo ooru omi gbígbóná, èéfín dúdú ń jáde lára wọn. Àwọn èèyàn pè wọ́n ní kurofune, ọkọ̀ dúdú. Nígbà tó padà wá lọ́dún 1854, ó gbé ẹ̀bùn dání, rélùwéè kékeré kan tó jẹ́ ìdá mẹ́rin èyí tí èèyàn ń wọ̀. Wọ́n tẹ́ irin ẹ̀ roboto sílẹ̀ ní Yokohama, wọ́n dáná sí i, ó ń sáré yípo. Kò gba èèyàn nínú, ó ti kéré jù, ni ìjòyè kan bá gun orí òrùlé ẹ̀, ó dì í mú, aṣọ ẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Ẹ fojú inú wò ó. Àgbàlagbà, èèyàn ńlá nílùú, lórí nǹkan tí kò ju àpótí aṣọ lọ, inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Nígbà tó máa fi di 1855, àwọn ọkùnrin kan ní Saga ti ṣe tiwọn, kékeré náà ni, àmọ́ ó rìn.

Nítorí náà kí rélùwéè gidi tó dé, wọ́n ti mọ ooru omi láti ara ọkọ̀ ojú omi. Jōki ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ooru tó ń jáde lára omi tó ń hó. Jōkisen ni ọkọ̀ ojú omi tó ń lò ó. Nígbà tí nǹkan náà wá gun orí ilẹ̀, kí ni wọ́n pè é? Okajōki. Oka ni ilẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tó kọjú sí omi. Jōki orí ilẹ̀! Ṣé ẹ rí i pé ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn? Inú omi ni ọkọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mọ́tò dé, ọkọ̀, nígbà tí rélùwéè dé, ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí bàálù dé, ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń mú ohun tí kò mọ̀.

October 14, 1872 ni wọ́n ṣí rélùwéè àkọ́kọ́, láti Shimbashi ní Tokyo lọ sí Yokohama, bíi kìlómítà 29, ọba wọn, Meiji, wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ máa fi odidi ọjọ́ rìn, ìṣẹ́jú 53 ni rélùwéè fi ń rìn ín. Àwọn ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì ló bá wọn ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì ti wá, wọ́n sì fi àyè mílímítà 1,067 sáàárín irin méjèèjì. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, àyè 1,067 yẹn náà ló wà láàárín irin tiwa. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀n fún wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dìde lórí àga, mo ń rìn káàkiri yàrá.

Wọ́n máa ń sọ pé láyé ìgbà yẹn àwọn kan á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́bàá irin kí wọ́n tó wọlé sínú rélùwéè, torí pé ilé ni wọ́n kà á sí, nígbà tí wọ́n bá wá dé Yokohama, ẹsẹ̀ lásán. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, ọ̀wọ̀ ló wà nínú ẹ̀.

Ó dáa. Kí ni wọ́n wá ń pe rélùwéè fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà yẹn lápapọ̀? Tetsudō. Tetsu ni irin. Dō ni ọ̀nà, dō kan náà tẹ́ ẹ mọ̀ nínú jūdō. Ọ̀nà irin. Àwa ń sọ pé ojú irin, wọ́n ń sọ pé ọ̀nà irin, bẹ́ẹ̀ a ò tíì bára wa pàdé rí nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ tetsu yẹn, tí wọ́n bá kọ ọ́, 鉄, apá òsì ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń kọ wúrà àti owó, apá ọ̀tún ẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ lónìí ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí nǹkan sọnù. Owó sọnù! Lọ́dún 1987 tí wọ́n pín rélùwéè ìjọba sí àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní JR, ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ ya orúkọ wọn sára pátákó kò gbà kí owó máa sọnù lára orúkọ àwọn, wọ́n fa ìlà kan kúrò níwọ̀nba, ó di 鉃, apá ọ̀tún ẹ̀ wá di ọfà. Ẹ wò ó dáadáa lórí pátákó tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Àwọn èèyàn tó gbà pé orúkọ ń roni, Yorùbá nìkan kọ́.

Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kisha. Ki yẹn ni ooru omi, sha ni ọkọ̀, 汽車. Ẹ ṣọ́ra níbí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ èdè Ṣáínà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn han ará Ṣáínà, mọ́tò ló máa rò, mọ́tò tá à ń wọ̀ ní títì. Ọkọ̀ iná ni wọ́n ń pe rélùwéè ní tiwọn, huǒchē. Lẹ́tà kan náà, ìlú méjì, ẹnì kan rí ooru, ẹnì kejì rí iná.

Téṣàn ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀, sutensho. Ẹ gbọ́ ọ: su-ten-sho. Etí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn tó sọ ọ́ di sutensho, àbúrò etí tó sọ ọ́ di téṣàn ni. Àmọ́ wọ́n padà rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ní nílé, eki, 駅. Tẹ́ ẹ bá wo apá òsì ẹ̀, ẹṣin ló wà níbẹ̀. Kí rélùwéè tó dé, ibi tí àwọn ìránṣẹ́ ọba ti ń pààrọ̀ ẹṣin lójú ọ̀nà ni eki. Ẹṣin ti lọ, kò tíì kúrò lára ọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ni àìmọye èèyàn ní Tokyo ń gba abẹ́ ẹṣin kọjá lọ síbi iṣẹ́. Àwa tá à ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ó yẹ kó yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹyọ kan ṣoṣo kí n tó kúrò níbẹ̀. Àwọn pákó tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin, ẹ mọ̀ wọ́n? Makuragi. Makura ni ìrọ̀rí, gi yẹn igi ni. Igi ìrọ̀rí. Irin ń sùn, ó gbórí lé ìrọ̀rí. Ta ló wò ó tó rí ìrọ̀rí? Akéwì ni, ì báà má kọ ewì kankan láyé ẹ̀.

Lónìí tẹ́ ẹ bá dé Tokyo, ẹ ò ní gbọ́ kisha lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Densha ni wọ́n ń sọ, ọkọ̀ oníná mànàmáná. Àmọ́ mo lọ sí Tokushima nígbà kan, ní erékùṣù Shikoku, mo bi ìyá àgbà kan léèrè ibi tí mo ti lè wọ densha. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ fún mi pẹ̀lẹ́ pé kò sí densha níbí, kisha ló wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tokushima nìkan ni ìpínlẹ̀ tí densha ò sí ní gbogbo Japan, dísù ni rélùwéè wọn ń lò, wọn kì í sì í parọ́ pe dísù ní iná mànàmáná. Ooru omi ti tán lára ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, orúkọ ẹ̀ ṣì gbóná.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, torí pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù nìyẹn.

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ni jōki kikansha. Ó gùn, ó mọ́, ó wà fún ìdánwò. Àmọ́ àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Kama ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, kí ni kama? Ìkòkò ńlá! Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì. Ọkùnrin tó dúró níwájú iná yẹn láti òwúrọ̀, kí ló rí? Omi nínú irin, iná lábẹ́ ẹ̀, ooru fẹ́ ti ọmọrí kúrò. Ó ní ìkòkò nìyí. Iṣẹ́ dídáná yẹn, kamataki. Àní títí di òní, ẹ́ńjìnnì tó ń lo iná mànàmáná, tí kò ní omi tí kò ní iná nínú, àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè ṣì ń pè é ní kama.

Àwọn ará Japan sì ní ọ̀rọ̀ kan, pé àwọn èèyàn kan jẹ ìrẹsì inú kama kan náà, ìyẹn ni pé wọ́n jọ jìyà, wọ́n jọ gbé, wọ́n ti di ọmọ ìyá. Mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí n má rántí àwọn méjì tó máa ń wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Kikanshi ni dírẹ́bà. Kikanjoshi ni igbákejì ẹ̀, ẹni tó ń dáná. Dírẹ́bà ń wo iwájú, igbákejì ń wo iná. Èédú tí wọ́n ń lò ń jẹ́ sekitan, seki ni òkúta, tan ni èédú, èédú òkúta. Ọkọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó ru èédú àti omi, tansuisha: tan èédú, sui omi, sha ọkọ̀. Ẹ ò rí i? Tẹ́ ẹ bá ti mọ tan, tẹ́ ẹ mọ sui, tẹ́ ẹ mọ sha, kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín ní tansuisha. Inú ibi tí iná ń jó ń jẹ́ kashitsu, yàrá iná. Ibi tí èéfín ń kó jọ sí níwájú kó tó jáde, enshitsu, yàrá èéfín. Ọ̀pá tó ń gbà jáde, entotsu. Ilé ni wọ́n kọ́, ó ní yàrá.

Iṣẹ́ fífi ṣọ́bìrì da èédú síná yẹn ní orúkọ tiẹ̀, tōtan, ẹ má sì rò pé kéèyàn kàn máa dà á ni. Èédú gbọ́dọ̀ tẹ́ bó ṣe yẹ ká gbogbo ilẹ̀ iná, tí apá kan bá pọ̀ jù, tí apá kan bá ní ihò, ooru á lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì kú sórí òkè. Wọ́n máa ń kọ́ ọ ni, wọ́n ṣe yàrá iná àfiṣàpẹẹrẹ tí kò níná, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa ju èédú sínú ẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀gá á máa wo bó ṣe tẹ́, á máa wo aago.

Èéfín ńkọ́? Ó yẹ kí n sọ ọ́, torí pé àwa tá a fẹ́ràn nǹkan yìí máa ń fẹ́ sọ ọ́ di àlá dídùn. Ojú ọ̀nà kan wà tẹ́lẹ̀ tó gba Usui kọjá, lórí òkè láàárín Yokokawa àti Karuizawa, kí wọ́n tó tì í pa lọ́dún 1997. Ó ga débi pé ní mítà 1,000 tó bá rìn, ó ń gun mítà 66 ó lé. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1893, ihò inú òkè tó ń gbà kọjá jẹ́ 26, ẹ́ńjìnnì á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn pẹ̀lú èéfín ara ẹ̀. Ẹni tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ mí sínú. Èéfín yẹn ló jẹ́ kí wọ́n yáa gbé iná mànàmáná wá síbẹ̀ lọ́dún 1912, kí àwọn ọ̀nà ńlá mìíràn tó ní in. Àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ní ìmọ̀ tiwọn: tí fèrè bá ti dún lọ́nà kan báyìí, ihò ti sún mọ́lé nìyẹn, gbogbo ọwọ́ á na sí fèrèsé láti tì í, ẹni tí kò bá tètè tì í á jáde ní ìhà kejì pẹ̀lú imú dúdú.

Àti òùngbẹ. Ní téṣàn wọ́n máa ń ta tíì gbígbóná nínú ìkòkò amọ̀ kékeré, kisha dobin ni wọ́n ń pè é, ìkòkò tíì rélùwéè. Dobin ni ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń po tíì. Èèyàn á gba ojú fèrèsé rà á, á mu ún, ọkọ̀ á ti gbéra. Amọ̀kòkò ló ń mọ ọ́n, kì í ṣe ilé iṣẹ́ rọ́bà. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé wa dé, láti inú ẹ́ńjìnnì dé ọwọ́ amọ̀kòkò.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí mo ń ṣe yìí: dassen. Kí rélùwéè kúrò lójú irin. Tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ kan tó wá yà sórí òmíràn, àwọn ọmọ kíláàsì á ní dassen. Ó yá, mo padà sójú irin.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni orúkọ àwọn ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá ará Japan sọ̀rọ̀ rélùwéè gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1928 wọ́n ṣe òfin tuntun fún bí wọ́n á ṣe máa sọ wọ́n lórúkọ. Lẹ́tà kan, nọ́ńbà méjì. Lẹ́tà yẹn ń sọ iye ẹsẹ̀ ńlá tó ń ti ọkọ̀ lọ, àwọn ẹsẹ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì wọ̀, dōrin ni wọ́n ń pè wọ́n. Tó bá jẹ́ méjì méjì lọ́nà mẹ́ta, C. Tó bá jẹ́ lọ́nà mẹ́rin, D. Nọ́ńbà láti 10 dé 49, ẹ́ńjìnnì tó ru omi àti èédú sára ara ẹ̀ ni. Láti 50 lọ sókè, ó ní tansuisha lẹ́yìn. Nítorí náà tí mo bá ní D51, kí lẹ mọ̀? Ẹsẹ̀ ńlá lọ́nà mẹ́rin, alágbára, ẹrù ló máa fà, ó sì ní tansuisha. Ẹ ò tíì rí i, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní dii-fifty-wan níbẹ̀. Degoichi! D di de, 5 ni go, 1 ni ichi. Bíi kéèyàn máa pe ọmọ àdúgbò. C57 ni shigonana, C62 ni shirokuni, èyí tó dàgbà jù wọ́n lọ tó ń jẹ́ 8620, hachiroku. Degoichi yẹn, láti 1936 títí dé 1945, 1,115 ni wọ́n ṣe fún rélùwéè ìjọba, kò sí irú ẹ́ńjìnnì eléèéfín kankan tó pọ̀ tó o ní Japan. Gbogbo ọmọdé mọ̀ ọ́n, kódà ẹni tí kò fẹ́ràn rélùwéè mọ̀ ọ́n. Hideo Shima wà lára àwọn tó ya àwòrán ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló wá di olórí ẹnjiníà nígbà tí wọ́n ń ṣe Shinkansen tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964. Ọwọ́ kan náà, láti orí ìkòkò iná dé orí ọkọ̀ tó sáré jù láyé ìgbà yẹn.

Wọ́n tún ní orúkọ ìnagijẹ. Àwọn D51 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n fi irin bo ẹ̀yìn wọn gbọọrọ láti ọ̀pá èéfín lọ sẹ́yìn, ó ń dán, ó rọra tẹ̀, àwọn èèyàn pè é ní namekuji, ìyẹn ìgbín tí kò níkarahun. C57 ní tiẹ̀ tín-ínrín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ga, ó rí fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pè é ní kifujin, obìnrin ọlọ́lá. Ẹni tó bá rí i níbi tó ti ń bọ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe àpọ́nlé lásán. C62 ni ìyá wọn ní ti eré, lọ́dún 1954 eré ọ̀kan nínú wọn dé kìlómítà 129 ní wákàtí kan, lórí irin tóóró yìí o, irin 1,067.

Ó kù ohùn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, tó bá di ọ̀rọ̀ ohùn, ilé yín lẹ wà. Báwo ni rélùwéè ṣe ń dún? Fàkàfíkì, fàkàfíkì! Ẹ ṣé. Ní Japan, shusshu poppo. Shu ni ooru tó ń tú jáde, po ni ọ̀pá èéfín. Kò kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀: tí ẹ́ńjìnnì bá ní sìlíńdà méjì, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń mí, shu, shu, po, po. Ẹ kà á. Àwọn ọmọdé tí kò mọ sìlíńdà ti kà á kí ẹnjiníà tó ṣàlàyé. Kisha poppo ni wọ́n ń pè é, ẹyẹlé náà sì ń jẹ́ hato poppo lẹ́nu wọn, torí pé àyà méjèèjì ń dún bákan náà.

Gatan goton ní tiẹ̀, ìyẹn ni ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ níbi tí irin kan ti pàdé irin kejì. Níbi tí wọ́n bá ti fi wẹ́dà so irin pọ̀ gbọọrọ, ìró yẹn ti tán níbẹ̀, àmọ́ ìyá tó bá ń gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ṣeré ṣì ń sọ gatan goton. Fèrè ń jẹ́ kiteki. Tí dírẹ́bà bá fẹ́ gbéra, á na ìka sí sígínà, á ké e síta: shuppatsu shinkō! Ó túmọ̀ sí pé sígínà ìgbéra ti ní ká máa lọ. Ìka nínà àti igbe yẹn, láti ayé àwọn dírẹ́bà eléèéfín ló ti wá, kí ojú àti ẹnu àti ọwọ́ lè jọ jẹ́rìí síra wọn, títí dòní àwọn dírẹ́bà Shinkansen ń ṣe é. Àwọn èèyàn lásán náà ti mú un, tí wọ́n bá kó ẹbí sínú mọ́tò tí wọ́n fẹ́ rin ìrìn àjò, wọ́n á ké shuppatsu shinkō. Ẹ jẹ́ ká ké e lẹ́ẹ̀kan. Ìka yín sókè, ẹ nà án. Shuppatsu shinkō! Ó dáa gan-an.

Ibi tí mo máa parí sí ni bó ṣe parí fún wọn.

Láti nǹkan bí 1960 lọ ni wọ́n ti ń yọ ẹ́ńjìnnì eléèéfín kúrò díẹ̀díẹ̀, dísù àti iná mànàmáná ń gba ipò. Bó ṣe ń tán lọ ni ìfẹ́ ẹ̀ ń pọ̀, tó fi di pé láwọn ọdún 1970 àwọn èèyàn ń gbé kámẹ́rà gun orí òkè, wọ́n ń sùn sínú yìnyín láti ya èyí tó kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń pè é ní SL, lẹ́tà òyìnbó méjì, esu-eru, SL yẹn náà sì ni ẹ máa gbọ́ jù lónìí. Ẹ wò ó: okajōki nígbà tó jẹ́ àjèjì, kisha nígbà tó di ti gbogbo ayé, kama lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, SL nígbà tó ń lọ. Orúkọ mẹ́rin, ọjọ́ orí mẹ́rin.

December 14, 1975, ní Hokkaido, láti Muroran lọ sí Iwamizawa, C57 135, ìyẹn C57 tó ní nọ́ńbà 135, fa rélùwéè elérò eléèéfín tó kẹ́yìn lórí ìlà ìjọba. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, degoichi kan fa ti ẹrù tó kẹ́yìn. Ó tán.

Àmọ́ wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sílé. Seitai hozon: kéèyàn tọ́jú nǹkan síbi tó dúró sí, jẹ́jẹ́, kó máa jókòó. Ẹ máa rí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ìṣeré àwọn ọmọdé káàkiri Japan. Èkejì, dōtai hozon: kéèyàn tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ẹ̀, kó ṣì máa mí, kó ṣì máa jóná. Dō yẹn ni ìrìn, kì í ṣe dō ti ọ̀nà tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kàn dún bákan náà ni. Lọ́dún 1976, kò tíì pé ọdún kan tó tán, ilé iṣẹ́ rélùwéè Ōigawa ní Shizuoka tún dáná sí ọ̀kan, ó tún ń gbé èrò. Lọ́dún 1979 ìlà Yamaguchi gbé C57 1 padà sójú irin, obìnrin ọlọ́lá yẹn. Nígbà òtútù, ọ̀kan wà tó ń gba inú àbàtà Kushiro kọjá ní Hokkaido láàárín yìnyín, níbi tí àwọn ẹyẹ ńlá olórí pupa máa ń dúró sí. Ẹni tó ń tọ́jú irú ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ mọ kamataki, gbọ́dọ̀ mọ tōtan, kò sí bó ṣe lè ṣe é láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀rọ̀ yẹn náà fi ń wà nínú dōtai hozon.

C57 135 tó fa èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo lọ rí i. Ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Ōmiya, lórí tenshadai, ìyẹn pèpéle roboto tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì padà. Ìta ń rọ òjò lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di fìlà wọn mú lọ́wọ́. Mo kí wọn, mo ní ẹ́ńjìnnì yìí rẹwà o, mo lo jōki kikansha bí ìwé ṣe kọ́ mi. Bàbá yẹn wò mí, wọ́n ní àwọn fi ọdún méje dáná fún irú ẹ̀ ní Hokkaido. Mo wá ní, "Kamataki?" Ojú wọn yí padà. Wọ́n gbá mi lápá mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ju ṣọ́bìrì tí kò sí níbẹ̀, ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, iwájú, wọ́n ń fi hàn mí bí èédú ṣe gbọ́dọ̀ tẹ́, mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ torí pé èdè Hokkaido wọn jinlẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ kama, mo gbọ́ sekitan, mo gbọ́ yuki tó jẹ́ yìnyín. Lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yí pèpéle yẹn, ẹ́ńjìnnì ńlá náà rọra ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ wa, wọ́n wá fọn fèrè ẹ̀. Bàbá yẹn dákẹ́. Wọ́n dé fìlà wọn padà sórí, wọ́n na ìka síwájú.

Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.